Ẹ̀yìn Ni Bàbá Kọ́kọ́ Wò

Ọjọ́ tí Bàbá pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mo gbé káàdì náà lé wọn lọ́wọ́. Ọdún 2019 ni. Mo ti fi bébà aláràbarà wé e, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fojú inú wo bí inú wọn yóò ṣe dùn tó. Káàdì bésíbọ́ọ̀lù ni, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán eléré Jackie Robinson sí, tí ilé iṣẹ́ Topps ṣe ní ọdún 1952, nọ́ńbà 312. Ó wà láàárín ike méjì tó nípọn, síkúrù mẹ́rin ni wọ́n sì fi dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí ojú Jackie. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n wá yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Baltimore, láti ilé dé ilé. Bàbá yìí ni mo pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù. N kò ní dárúkọ wọn; Bàbá ni mo ń pè wọ́n, àwọn náà ń pè mí ní ọmọ. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ìwọ̀-oòrùn Baltimore ni wọ́n ti dàgbà, ilé iṣẹ́ irin tó wà ní Sparrows Point láyé ìgbà yẹn ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Èmi ọmọ Abẹ́òkúta, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni mo mọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò gbà fún mi. Alẹ́ ọjọ́ tí Orioles, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Baltimore, bá wà lórí pápá, èmi náà á jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa ṣàlàyé: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nìyí, ẹni tó ń fi igi lù ú nìyẹn, wo bí ó ṣe sáré.

Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ìtàn Jackie. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947 ló kọ́kọ́ wọ pápá fún Brooklyn Dodgers. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn líìgì ńlá mọ́ àwọn adúláwọ̀. Ọmọ kékeré ni Bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé bàbá tiwọn gbé rédíò sí ojú fèrèsé kí àwọn ará àdúgbò lè gbọ́ bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tó fi di 1952, wọ́n ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbogbo sẹ́ǹtì tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣingọ́ọ̀mù Topps ni wọ́n fi ń rà. Kì í ṣe torí ṣingọ́ọ̀mù. Èyí tó jẹ́ sẹ́ǹtì kan máa ń ní káàdì ẹyọ kan nínú. Wọ́n rí púpọ̀ kó jọ. Jackie nìkan ni wọn kò rí. Apá tó kẹ́yìn nínú káàdì ọdún yẹn, láti 311 dé 407, pẹ́ kó tó jáde. Àsìkò bésíbọ́ọ̀lù ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò sì rà á wálẹ̀ mọ́. Sy Berger, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe káàdì náà, sọ nígbà tó yá pé ní 1960 àwọn kó èyí tí kò tà sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Mickey Mantle, nọ́ńbà 311, wà nínú apá yẹn. Ẹyọ kan rẹ̀ tí àbùkù rẹ̀ kò tó nǹkan ni ẹnì kan ra ní mílíọ̀nù dọ́là 12.6 ní ọdún 2022. Jackie ló tẹ̀ lé e nínú òǹkà.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Bàbá ti fi ń wá Jackie yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó $400 sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i ní ọjà àlòkù. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní ó jẹ́ ti bàbá bàbá òun.

Bàbá ní kí n gbé páálí bàtà tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù wá, kí n sì wá irin tí a fi ń tú síkúrù. Inú páálí yẹn ni wọ́n ti yọ Monte Irvin jáde, ti New York Giants, nọ́ńbà 26, káàdì 1952 tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ nínú ṣingọ́ọ̀mù. Igun rẹ̀ kan ti ká. Ihò ìṣó wà lórí rẹ̀, torí wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri yàrá nígbà èwe. Bàbá tú ike tèmi, wọ́n yọ Jackie, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé Irvin lórí.

Etí Irvin yọ jáde. Ó yọ lókè, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo mú rúlà síbẹ̀síbẹ̀. Irvin jẹ́ íǹsì 2⅝ ní ìbú, 3¾ ní òòró. Jackie mi jẹ́ 2½ sí 3½. Láti ọdún 1957 ni Topps ti dín káàdì wọn kù sí ìwọ̀n kékeré yìí, òun náà ni gbogbo ayé ń lò títí di òní, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àtúntẹ̀ káàdì àtijọ́ ń lò. Káàdì 1952 kankan kò lè kúrò ní ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ike nípọn yẹn ló bò mí lójú. Bí ike bá gbà yí i ká, ojú kì í tètè rí i pé káàdì inú rẹ̀ kéré. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ta káàdì fún mi tí kò sì fẹ́ kí n yọ ọ́ nínú ike, mo dá a lóhùn pé ó dàbọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n ni Bàbá kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn ni. Wọ́n fi ìka hàn mí ibì kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn káàdì náà, kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Páálí ibẹ̀ ti hu irun. Ara ibi tó kù dán, ibẹ̀ nìkan ló rí hẹ́hẹ́hẹ́, bí ara aṣọ tí wọ́n fi òkúta fọ̀. Ẹnì kan ti fi abẹ ha ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, ó sì ti fi omi tíì pa ibẹ̀ láró kó má bàa funfun jù.

Àwọn Topps fúnra wọn tún káàdì 1952 tẹ̀ ní ọdún 1983. 402 ni wọ́n tẹ̀ nínú 407, torí wọn kò rí àṣẹ gbà lórí márùn-ún tó kù. Wọ́n dín in kù sí ìwọ̀n tòde òní, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àtúntẹ̀ ni. N kò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lówó lè ra Jackie àtúntẹ̀, kó kàn án mọ́ ògiri, kó máa wò ó kó tó sùn. Ó dára. Àtúntẹ̀ tó bá jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan jókòó, tó tan iná, tó mú abẹ, tó sì fara balẹ̀ ha orúkọ yẹn nù. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ju owó lọ: pé ẹnì kan fi sùúrù ṣe é.

Bàbá tún ní awò kékeré kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò góòlù máa ń fi sójú, tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wo Irvin. Ojú rẹ̀ tú ká sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tóótòòtó: pupa, yẹ́lò, búlúù, dúdú, wọ́n tò lọ bí àgbàdo lórí ṣùkù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán nìyẹn. Mo wá sún awò náà bọ́ sórí orúkọ rẹ̀. Dúdú kirikiri. Kò sí tóótó kankan nínú rẹ̀, etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gún. Bàbá ní, "Wo ti ẹ̀bùn mi báyìí." Mo wo orúkọ Jackie. Lẹ́tà J yẹn, tí mo rò pé ó dúdú, tóótòòtó ni látòkèdélẹ̀, etí rẹ̀ ṣá bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹni tó ṣe ojúlówó to àwòrán lọ́tọ̀, ó to ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Àwòrán nìkan ló nílò tóótó. Ọ̀rọ̀, yíǹkì dúdú gan-an ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ṣe àtúntẹ̀ kò ní ohun èlò ìgbà yẹn lọ́wọ́. Káàdì tó ti jáde ló ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn àti lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ ló sọ di tóótó. Mo ti wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún káàdì láti ìgbà náà. Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo lọ sí ọjà, awò yẹn ni n ó mú.

Kí Bàbá tó kọ́ mi, mo rò pé bí káàdì bá ti gbó, ó ti pẹ́ nìyẹn. Gbígbó gan-an ló rọrùn jù láti ṣe. Tíì wà, kọfí wà, oòrùn wà, sanpépà wà. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàdì tí wọ́n fi ọwọ́ gbó: gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n yípo déédéé. Ẹ wá wo Irvin tí ọmọ ọdún mọ́kànlá lò. Igun kan ká, èkejì ṣì mú, ẹ̀kẹta ti là sí méjì bí ewé, torí páálí àtijọ́ máa ń yọ ìpele. Ìlò kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n kì í pín dọ́gba. Àbàwọ́n tíì náà rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń wọ gbogbo ara káàdì lọ́gbọọgba, nígbà tí ojúlówó máa ń pọ́n létí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, tí àárín rẹ̀ á sì mọ́.

Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtokú títí wọ́n fi darúgbó. Oníbàárà á gbé aṣọ tó rà níbòmíràn wá, á ní kí wọ́n bá òun wò ó bóyá aláró ni tàbí ti fáàkítìrì. Wọn kì í wo ojú aṣọ rárá. Wọ́n á ṣí i sódì, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀ láti kékeré, mo ń wò wọ́n. Mo sì kó $400 fún ọkùnrin kan láìyí káàdì rẹ̀ padà.

Owó náà gan-an ti sọ̀rọ̀ bí mo bá ní etí. Jackie 1952, bó tilẹ̀ ya, bó tilẹ̀ ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ta ni yóò gbé e fún mi ní $400 nínú ọjà àlòkù?

Àwọn káàdì tó pẹ́ ju ti Topps lọ ní ìdánwò tiwọn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní T206 jáde láti 1909 sí 1911, inú páálí sìgá American Tobacco Company ni wọ́n wà, wọn kò ju íǹsì 1 àti díẹ̀ ní ìbú, 2⅝ ní òòró. Orúkọ sìgá ló wà lẹ́yìn wọn: Piedmont, Sweet Caporal, Sovereign, àti àwọn mìíràn. Wọ́n tún àwọn wọ̀nyí tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Fún irú wọn ni mo ṣe ra iná aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báǹkì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn oníṣẹ́ bébà mú un ṣe àṣà láti máa po èròjà kan pọ̀ mọ́ bébà kó lè funfun báláú. Bí ẹ bá tan iná yìí sí bébà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, á tàn bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú ilé ijó. Bébà 1909 á dákẹ́ síbẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nítorí náà káàdì T206 tó bá tàn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tàn, ẹ má tíì sanwó. Àwọn kan máa ń wá bébà àtijọ́ tí wọn kò tíì kọ nǹkan kan sí, orí rẹ̀ ni wọ́n á tẹ irọ́ wọn sí.

Inú T206 ni Honus Wagner wà, káàdì tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù. Kò pọ̀ rárá, torí Wagner ní kí wọ́n dá a dúró. Àwọn kan sọ pé kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ra sìgá nítorí òun, àwọn mìíràn ní owó ló fà á. Èyí tó mọ́ jù nínú wọn ni Wayne Gretzky, gbajúmọ̀ eléré họ́kì, àti ẹnì kejì rẹ̀ rà ní $451,000 ní 1991. Ó gba àmì 8 nínú 10 lọ́wọ́ PSA, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, òun sì ni káàdì àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Ní 2007, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù dọ́là 2.8. Nígbà tó di 2013, Bill Mastro, oníṣòwò gbàǹjo tó ti ní káàdì náà rí, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun ti gé etí rẹ̀ kó lè dà bí tuntun, lára ẹ̀sùn jìbìtì tí wọ́n fi kàn án. Ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ni wọ́n dá fún un ní 2015.

Mo ro ọ̀rọ̀ Wagner yẹn fún ọjọ́ pípẹ́. Bébà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Yíǹkì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Awò kò ní bá a wí, iná kò ní bá a wí. Etí nìkan ni irọ́ wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ra káàdì, ẹ máa wọn ojúlówó náà, kì í ṣe àtúntẹ̀ nìkan. Ẹ máa wo etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́: etí tí ẹ̀rọ gé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti rọ̀, ó ti ṣú pẹ̀lú ara tó kù, etí tí abẹ gé lánàá á mú, á sì mọ́ ju ojú káàdì lọ.

Ní ti ike tí àwọn tó ń yẹ káàdì wò máa ń fi dé e, tí wọ́n á kọ nọ́ńbà sí, ó wúlò, mo sì gbà pé kí ẹni tó fẹ́ fi owó ńlá rà lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ike náà. Ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó dé e, kí ẹ rí i pé àwòrán tó wà níbẹ̀ ni ẹ mú lọ́wọ́.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ Wagner púpọ̀. Ẹni tó máa ń wà lẹ́nu wọn ni Oscar Charleston, tó gbá nínú líìgì àwọn adúláwọ̀ kí Jackie tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣe káàdì ṣingọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà nígbà náà kò tẹ ojú rẹ̀. Kúbà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: sìgá Billiken fi àwòrán rẹ̀ sínú páálí ní àsìkò 1923 sí 1924, nígbà tó ń gbá líìgì ìgbà òtútù níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ara mi yá. Mo sọ fún Bàbá pé ní Kúbà yẹn, àwọn èèyàn ṣì wà tó ń fi èdè àwọn bàbá ńlá mi kọrin fún Ṣàngó àti Yemọja, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Lùkùmí. Wọ́n ní, "Nígbà náà, àwọn èèyàn rẹ ló kọ́kọ́ ka Charleston sí èèyàn tó yẹ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀." N kò mọ ohun tí n ó fi dá wọn lóhùn. Àwọn káàdì Kúbà wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n gidigidi. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lówó pọ́ọ́kú, ẹ rántí $400 mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí yẹn, mo padà sí ọjà náà. Mo bá ọkùnrin náà. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní, "Mo sọ fún ọ pé Jackie ni, ti '52. Ṣé mo sọ fún ọ pé ojúlówó ni?" Mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́ kìíní. Lóòótọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò dá owó náà padà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo ní n ó gba káàdì náà, n ó lọ jù ú nù. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé kí n jù ú nù? Ẹ̀bùn àwọn ni. Wọ́n ní kí n mú bíírò wá. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà náà, nítorí náà mo di káàdì náà mú lórí tábìlì fún wọn, ojú Jackie wà nísàlẹ̀. Níbi tí páálí ti hu irun yẹn, ní ibi gan-an tí wọ́n ti ha á kúrò, Bàbá tún ọ̀rọ̀ náà kọ pé àtúntẹ̀ ni, wọ́n sì kọ orúkọ mi àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tó wà létí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ibẹ̀ ló wà títí di ìgbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún ìgbà ìkẹyìn.